Omi Tí Mo Fi Ẹnu Bà Jẹ́

Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni bọ̀ọ̀lì kan báyìí ní Àkúrẹ́, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọ ìkókó náà ni o. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí bọ̀ọ̀lì ni ẹ ṣe ń ka ojú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìdí bọ̀ọ̀lì ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹrù kan wà lọ́rùn mi láti èṣí. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, torí ìyàwó pásítọ̀ kì í pa ẹnu mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò kánsù gba àdúgbò wa kọjá, wọ́n ń fi gbohùngbohùn kéde. Wọ́n ní àwọn máa tú ẹ̀rọ omi tó wà ní òpópónà wa, àwọn máa gbé e lọ sí Ọ̀bà-Ilé, níbi tí wọ́n ti ń sunkún omi, torí pé àwa ò lò ó. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ wá sọ ọ́ kí oṣù tó parí.

Ẹnikẹ́ni ò lọ. Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ, èmi náà ò sì lọ.

Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni mo lọ́kọ sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì parí ìkẹfà náà dáadáa, torí náà ẹ má wo àṣìkọ mi. Píọ́wọ́tà, mínírà àti bisikíìtì ni mo ń tà lábẹ́ agbòòrùn ńlá kan lẹ́bàá títì. Ẹnu mi mú. Ìyá mi máa ń sọ pé ká ní wọ́n ń fi ẹnu mi ṣán igbó ni, oko wa ì bá ti dé Ọ̀wẹ̀nà. Gbogbo nǹkan ló sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú rí, wọ́n ní kí n bọ́ síta.

Kí kánsù tó gbẹ́ omi fún wa, odò ìsàlẹ̀ là ń lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ló lọ síbẹ̀, pupa, yíyọ̀, bíi pé ẹnì kan da epo sí i. Ẹni tó bá lówó a máa ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò lówó, tí kò ní ọmọ tó lè rán níṣẹ́, onítọ̀hún á jókòó ti kòròfo garawa rẹ̀.

Nígbà tí kánsù wá gbẹ́ bóhò, tí wọ́n gbé táǹkì dúdú ka orí irin, tí wọ́n fa ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin síta, àwa kan ò kọ́kọ́ gbà pé ó máa pẹ́. Ṣùgbọ́n omi náà ń jáde. Oòrùn ló ń fà á, kò nílò epo, kò nílò iná. Àwọn ọmọ ò pẹ́ dé ilé ìwé mọ́. Àwọn obìnrin tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ń to garawa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n bá di ọ̀rẹ́. Mo rí i lójú mi. Mi ò ní purọ́ nípa ìyẹn.

Ẹni tí omi yẹn ṣe lóore jù ni ìyá arúgbó kan tí mo máa pè ní Màmá níbí. Opó ni. Ilé ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà gan-an, òun nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Tẹ́lẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa, á máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé kó bá òun pọn díẹ̀. Àwọn ọmọ náà, bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ ìsinmi mìíràn wà tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí kò rí omi wẹ̀.

Nígbà tí omi kánsù dé, Màmá ra abọ́ kékeré kan. Á fà á, á gbé e wọlé, á tún padà wá. Díẹ̀díẹ̀ ni garawa rẹ̀ á fi kún, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń wẹ̀ láàárọ̀, ó ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ń gbá ìdí ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́, ó ń pè é ní ọkọ òun kejì. Ó ní èyí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé kì í bínú, bí òun bá sì ti fọwọ́ kàn án ló ń dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà. Iwájú ẹ̀rọ yẹn gan-an ni agbòòrùn mi wà. Píọ́wọ́tà tí mo ń tà bí ẹni ta gúgúrú, ó wá dúró sínú kúlà, ó ń wò mí, mo ń wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú. Ọlọ́kadà kan ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ obìnrin tó ń yan án lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bọ̀ọ̀lì náà gbẹ, ó há a lọ́fun. Ó béèrè iye tí píọ́wọ́tà kan jẹ́. Mo ní àádọ́ta náírà. Ó ní ṣé kí òun fi àádọ́ta náírà ra omi nígbà tí omi ọ̀fẹ́ wà níwájú òun. Ó kọjá lọ síbi ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó la ẹnu sí i.

Mo ní, "Mu ún dáadáa. Bàbá tó sùn sábẹ́ ibẹ̀ ò ní bínú sí ẹ."

Ó nàró. Ó ní bàbá wo.

Mo ní, "Ilé tó wó ni ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ṣé kánsù béèrè ibi tí wọ́n sin onílé sí kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ? Ìwọ ò rí i pé omi yẹn ti dùn jù?"

Ó tu omi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó padà wá, ó ra píọ́wọ́tà méjì, ó fi ọ̀kan fọ ẹnu, ó mu ìkejì. Èmi àti oníbọ̀ọ̀lì rẹ́rìn-ín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà wa, inú ilé là ń sin wọ́n sí, nínú yàrá tàbí níwájú ilé. Bí ilé bá wó, tí àwọn ọmọ ti wà l'Ékòó tàbí ní òkè òkun, ta ló tún mọ ibi tí baba wọn wà? Ìdí nìyẹn tí àwàdà mi fi ní ẹsẹ̀. Mo rò pé mo sọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó dìde, ó ń lọ.

Kò pẹ́, obìnrin kan wá sọ fún mi, èmi fúnra mi, pé òun rí ọ̀rá lójú omi náà. Òmíràn ní ó ń rùn bíi káfúrà tí wọ́n ń fi sí ara òkú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: mo gbé ife omi náà sí imú nílé, mo sì gbọ́ òórùn káfúrà. Èmi tí mo pa irọ́ náà. Mo da omi náà nù.

Garawa tó ń tò síbẹ̀ ń dín kù. Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni ò wá mọ́, àfi Màmá. Ẹnu ẹ̀rọ kan ń kán tó, tó, tó, láàárín ọ̀sán gangan, kò sì sí ẹni tó ń pa á.

Kánsù gbọ́. Wọ́n rán wolé-wolé kan wá, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ kò bá bàtà mu. Ó kó àwọn èèyàn jọ. Ó ní àwọn ti yẹ omi náà wò, ó mọ́. Ó bu ife kan níwájú gbogbo wa, ó mu ún tán. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlàyé ni mo bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ agbòòrùn mi pé ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba, bí wọ́n bá ní kó mu májèlé, ó máa mu ún. Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wò mí.  Ó fi ife rẹ̀ sínú àpò, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ronú pé mò ń ṣe ibi. Píọ́wọ́tà mi ń tà. Mo ra kúlà tuntun. Òótọ́ nìyẹn.

Màmá ní ọmọbìnrin kan tó lọ́kọ sí Ìgbàrà-Òkè. Mo máa pè é ní Bọ́sẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n ti sọ bàbá abẹ́ ẹ̀rọ náà di baba ọkọ Màmá, torí ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ó wá kí ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ìròyìn náà níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó tó dé ilé rárá. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní ṣé kí gbogbo ayé máa sọ pé ìyá òun ń mu omi ara baba ọkọ rẹ̀ ni. Màmá ní irọ́ ni. Ó ní inú yàrá tí òun ń sùn ni baba ọkọ òun wà, orí rẹ̀ ni òun ń tẹ́ ẹní sí láti ìgbà tí òun ti dé ilé yẹn, baba náà kò sì ṣàròyé rí. Ó ní ibi tí ẹ̀rọ wà, ewúrẹ́ ni àwọn ń so síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìtìjú ló ń bò. Bọ́sẹ̀ san owó mẹ́rúwà fún un sílẹ̀, ó mú un búra pé kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́, ó padà sílé ọkọ rẹ̀. Mẹ́rúwà wá fún ìgbà díẹ̀, kò wá mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ wá sí ìdí igbá mi. Ó jókòó lórí àpótí mínírà. Bí àwọn ọmọ Àkúrẹ́ àtijọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ulé ló ń pe ilé.

Ó ní, "Ìyá Tósìn, ìwọ lo sọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, eré ni mò ń ṣe."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó tó. Gbé e kúrò nílẹ̀ báyìí."

"Ṣé kí n wá máa pariwo láàárín títì ni?"

"O ò pariwo nígbà tí o sọ ọ́. Bí o ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni kí o ṣe sọ èyí. Kò sí omi ní ulé mi."

Mo ṣèlérí fún un. Mo ní mò ń lọ sí Oǹdó lópin ọ̀sẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bímọ, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní bí mo bá ti dé lọ́jọ́ Ajé, màá sọ fún gbogbo èèyàn. Mo mú píọ́wọ́tà mẹ́ta, mo fi fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wò ó. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi inú ọ̀rá wẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì mi, ó dìde, ó ń lọ.

Ní Oǹdó, àwa obìnrin wà ní ẹ̀yìnkùlé, à ń fọ abọ́. Inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gba omi òjò la ti ń bu omi. Mo rí ẹ̀rọ omi kánsù kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó jọ tiwa bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Mo béèrè ìdí tí a kò fi fa omi níbẹ̀. Obìnrin kan ní ṣé mi ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ákúrẹ́ ni. Ó ní kánsù gbẹ́ omi lórí sàréè ọlọ́lá kan. Ó ní irun ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà eyín jáde, lẹ́yìn náà ni gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ẹ̀rín gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú mi. Mo wá wo ẹ̀rọ náà dáadáa. Wọ́n ti fi aṣọ funfun so ó lẹ́nu, bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ di àgbọ̀n òkú. Ẹ̀rín náà dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ìwọ lo ń gbé Àkúrẹ́. Ṣé òótọ́ ni?"

 Ọwọ́ wọn wà nínú omi ọṣẹ, ojú wọn wà lára mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Èyí tí mo sọ fún ọlọ́kadà, ẹ lè pè é ní àwàdà. Èyí kì í ṣe àwàdà. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo ní, "Èmi ò rí irun o. Ṣùgbọ́n omi yẹn, èmi kì í mu ún."

Wọ́n pariwo yèè. Ẹ̀gbọ́n mi di orí mú.

Mo dé Àkúrẹ́. Ọjọ́ Ajé kọjá. Mo ní ó di ọ̀la. Ọjà ń tà, ẹnu mi tí kì í dákẹ́ wá wúwo. Òjò ń rọ̀ lálaalẹ́ nígbà náà, mo sì mọ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò yẹn ṣe máa rí.

Àárọ̀ kan, mo rí Màmá tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Ó ń bọ̀ níwájú mi. Kò kí mi. Mo ní, "Màmá, níbo nìyẹn?"

Kò dúró. Ó ní, "Mò ń lọ síbi tí ẹ rán mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹnì kan máa rí i lọ́nà, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni yẹn tí mò ń retí, èmi ni, mo sì wà lórí àga. Mo lè pè é padà. Mo lè gba kẹ́ẹ̀gì náà kí n fa omi sí i níbi ẹ̀rọ, kí n mu nínú rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ àpò píọ́wọ́tà kan. Mo dá a lóhùn. Kí n tó gba owó tán, mo gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀.

Egungun itan rẹ̀ ló kán. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gbé e padà wá sílé. Mo lọ kí i, mo gbé mínírà dání bí ẹni gidi. Ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Bọ́sẹ̀ já píọ́wọ́tà kan, ó fẹ́ fún un mu. Lọ́dọ̀ mi ló ti rà á. Màmá yí ojú sí ògiri.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ jáde, Màmá bi mí láìwo ojú mi, "Ṣé o ti sọ ọ́?"

Mo ní, "Màá sọ ọ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó fa aṣọ bo ojú rẹ̀. Òjò ọdún náà kò tíì dáwọ́ dúró tó fi kú.

Inú yàrá yẹn náà ni wọ́n ní kí wọ́n sin ín sí. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, ọkọ́ kan egungun. Baba ọkọ rẹ̀ ni, ibi tó sọ gan-an ló wà. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó parí, mo rò pé ilẹ̀ ti bá mi jẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní baba náà ti kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó rìn wọlé wá mú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn ò tilẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ omi náà kọjá mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí nǹkan pani lẹ́rìn-ín tí mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ́sẹ̀ wá sí ìdí agbòòrùn mi. Ó kúnlẹ̀ fún mi lójú títì. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Tósìn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ la gbogbo èèyàn lójú. Ká ní kì í ṣe tiyín ni, inú omi òkú ni màmá mi ì bá kú sí. Ó kéré tán, ó kú ní mímọ́." Ó fi owó sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ra ọṣẹ. Mo ní ó ti pọ̀ jù. Ó ní rárá, kí n gbà á. Mo gbà á.

Ibi tí mo wà rèé. Oṣù fẹ́ parí. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, wọ́n máa tú ẹ̀rọ náà lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn á wà níbẹ̀, á máa dúró de ẹlòmíràn. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, orúnkún èmi náà ti ń dún bí mo bá dìde lórí àga. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Bọ́sẹ̀ á mọ̀ pé nítorí omi àádọ́ta náírà ni ìyá rẹ̀ ṣe gba ọ̀nà odò. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún àwọn ará Oǹdó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ọ̀dọ̀ kánsù ni kí n kọ́kọ́ lọ ni, àbí Ìgbàrà-Òkè? Ṣé wọ́n á tilẹ̀ gbà mí gbọ́, àbí wọ́n á ní àwàdà ni mò ń ṣe? Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Owó Bọ́sẹ̀ wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn mi. Mi ò ná an. Mi ò lè fi sínú igbá ọrẹ. Mo máa ń ṣí i wò bóyá ó ti di nǹkan mìíràn. Bó ṣe wà náà ló wà: ẹgbẹ̀rún méjì náírà.